Igi Kan Kì Í Dá Igbó Ṣe: Ọ̀ràn Pópó Àgùdà ní Ìlú Èkó

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún 2016, ni wọ́n wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lulẹ̀ ní Ìta Tinúbú ní Èkó. Ilé náà kì í ṣe ilé lásán. Ẹbí Fernandez ni ó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, ní irú àṣà tí àwọn Àgùdà kó ti ilẹ̀ Bùràsíìlì dé. Ní ọdún 1933 ẹbí mìíràn rà á, gbogbo Èkó sì wá mọ̀ ọ́n sí Ilojo Bar. Ní ọdún 1956, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku ọdún mẹ́rin, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìgba àṣẹ. Ọgọ́ta ọdún ni ìkéde náà fi wà nínú ìwé. Nígbà tí katakata dé, ìwé náà kò lè dá a dúró.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń bèèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Àwọn kan dá onílé lẹ́bi, àwọn kan dá ìjọba lẹ́bi, àwọn mìíràn sì ní ayé ni ó ń yí. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ìbéèrè náà kò tíì kan gbòǹgbò ọ̀ràn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó jẹ̀bi, ìyà tí a bá fi jẹ ẹ́ ì bá tó láti dá àwọn ilé yòókù sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀ kí ó tó kan Ilojo Bar, wọn kò sì dẹ́kun lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó ń wó wọn ni ètò tí ó kù díẹ̀ káàtó: ètò tí ó ń ṣa ilé kan ṣoṣo láàrin ọgọ́rùn-ún ilé, tí ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, tí ó ń ka èèwọ̀ fún ẹni tí ó ni ín, tí kò sì fi kọ́bọ̀ kan ràn án lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé kan kì í dá àdúgbò ṣe. Bí gbogbo ilé tí ó yí i ká bá ti wó, ilé kan tí ó ṣẹ́ kù kò ní lè sọ ìtàn fún ẹnikẹ́ni, owó ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì máa pe àwọn oníṣòwò wá lójoojúmọ́. Nítorí náà, òfin tí yóò gba Pópó Àgùdà là gbọ́dọ̀ jẹ́ òfin àdúgbò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí Pópó Àgùdà jẹ́. Nínú àwọn ọmọ Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, pàápàá sí Bàhíà, àwọn kan ra ara wọn padà lọ́wọ́ ẹrú, wọ́n sì wọ ọkọ̀ padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú dì ní Bàhíà ní ọdún 1835, iye àwọn tí ń padà bọ̀ pọ̀ sí i, nítorí pé ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan jáde, ó sì ni àwọn mìíràn lára. Wọ́n tẹ̀dó sí Erékùsù Èkó, ní agbègbè tí òpópónà Bámgbóṣé, Ìgbóṣẹ̀rẹ̀, Tòkunbọ̀ àti Gbàgede Campos wà lónìí. Wọ́n dé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́: bíríkìlà wà nínú wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà wà, aránṣọ wà. Wọ́n mú oúnjẹ tiwọn wá, ìyẹn fùrẹ́jọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí àwọn Kristẹni fi ń rántí ikú Jésù. Wọ́n mú eré Kàrẹ́tà wá pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò mọ sí inú ẹ̀sìn kan. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó ya àwòrán mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Júláì ọdún 1894. Ní òpópónà Kakawá, João Esan da Rocha kọ́ ilé tí kànga wà nínú ọgbà rẹ̀, ẹbí rẹ̀ a sì máa ta omi ibẹ̀ fún ará ìlú nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé Èkó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ilé Omi. Láti Èkó ni àṣà ilé wọn ti ràn dé Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Iléṣà àti Òṣogbo. Ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn Àgùdà ibẹ̀ kọ́ irú kan náà. Ọ̀pọ̀ bàbá oníkòkó tí ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ìlú rẹ̀, tí ó ní fàráńdà lókè, tí ó ní òpó ọlọ́nà níwájú, tí ó sì ní ọ̀nà gbọọrọ láàrin tí yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì, ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ Àgùdà ni ó ti rí i.

Ẹwà àwọn ilé wọ̀nyí kò sí lára ilé kọ̀ọ̀kan nìkan. Wọ́n dúró sí etí ọ̀nà, wọ́n fara ti ara wọn, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, fèrèsé wọn sì kọjú sí òpópónà. Ẹni tí ó jókòó sí fàráńdà rí ẹni tí ń kọjá, ẹni tí ń kọjá sì kí i. Bí wọ́n bá wó ilé mẹ́ta láàrin òpópónà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́ ilé ìtajà alájà mẹ́fà tí ojú rẹ̀ jẹ́ kìkì gíláàsì síbẹ̀, ilé tí ó kù lọ́tùn-ún àti lósì yóò pàdánù afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀. Kò ní pẹ́ tí àwọn náà yóò fi bá wọn lọ.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ewu dé bá Erékùsù Èkó. Nígbà tí àrùn burúkú tí eku ń kó ràn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ìjọba amúnisìn dá Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Ìlú Èkó, tí àwọn ènìyàn ń pè ní L.E.D.B., sílẹ̀ ní ọdún 1928. Ní ọdún 1955 ni ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàrin gbùngbùn Erékùsù, lórí ètò tí ó kó ilẹ̀ tí ó tó éékà 70 mọ́ra. Wọ́n ní àwọn ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Òtítọ́ ni pé èrò pọ̀ jù nínú àwọn ilé kan, ìgbọ̀nsẹ̀ kò dára, iná sì lè jó òpópónà kan tán. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó lọ sí Sùúrùlérè sọ tẹnu wọn. Ìyá oníṣòwò jìnnà sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ọmọ jìnnà sí ìyá rẹ̀ àgbà, owó ọkọ̀ sì di ìnáwó tuntun. Peter Marris, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kọ ohun tí ó rí sínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1961. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro láti rí: ìlú tí a tún ṣe láìfi ti àwọn ará ibẹ̀ ṣe, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè àtúnṣe náà.

Lónìí, kì í ṣe L.E.D.B. ni ó ń lé àwọn ènìyàn. Owó ilẹ̀ ni. Òdodo sì ni kí a sọ ti onílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí jẹ́ ilé ẹbí. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí wọ́n ní ìpín nínú rẹ̀ lè ju ogójì lọ, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òrùlé ń jò, pákó ti jẹrà, bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ ọnà àtijọ́ sì ti wọ́n. Oníṣòwò kan dé, ó ní òun yóò wó o, òun yóò kọ́ ilé ìtajà, olúkúlùkù yóò sì gba owó tirẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan náà, ìjọba ránṣẹ́ pé ilé náà jẹ́ ohun ìrántí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Oníṣòwò mú owó wá, ìjọba mú èèwọ̀ wá. Ta ni kò mọ èyí tí ẹbí tí ebi ń pa yóò gbọ́? Bí a bá ní kí a bẹ́ igi, a ó bẹ́ ènìyàn. Òfin tí ó ń kọ́ olówó àti aláìní ní ẹ̀kọ́ kan náà, tí ó ní kí wọ́n jókòó títí òrùlé yóò fi dà wó fúnra rẹ̀, òfin tí ń wó ilé ni.

Kí wá ni òfin àdúgbò? Ohun méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni pípín ilẹ̀ ìlú sí agbègbè-agbègbè, kí ìjọba fi ìlà yí àdúgbò kan ká nínú àwòrán ilẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe àti bí ilé ti lè ga tó. Èkejì ni ìlànà ilé kíkọ́, tí yóò sọ bí ojú ilé yóò ti rí sí òpópónà: bí yóò ti jìnnà sí ọ̀nà tó, irú òrùlé tí ó yẹ, bí fèrèsé àti fàráńdà yóò ti tò, àti ọ̀nà tí a gbà ń tún iṣẹ́ ọnà ara ògiri ṣe. Ìlànà náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ ayédèrú ilé àtijọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ilé tuntun mọ̀ pé òun ní aládùúgbò.

Èyí kì í ṣe àlá. Ìlú Charleston ní South Carolina ni ó kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1931. Ó yan ìgbìmọ̀ kan, ẹni tí ó bá sì fẹ́ yí ojú ilé rẹ̀ padà ní agbègbè àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ fi àwòrán rẹ̀ han ìgbìmọ̀ yìí. Ohun tí ó bá ṣe nínú yàrá rẹ̀ kò kàn wọ́n. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, erékùsù Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí àwọn Faransé tẹ̀dó sí ní ọdún 1659, wọ inú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2000. Erékùsù náà lápapọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé, òpópónà àti àgbàlá rẹ̀, kì í ṣe ààfin gómìnà nìkan.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní agbára kò sí lọ́wọ́ Èkó, ó ti gbàgbé ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ọdún 2003. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a pé iṣẹ́ ètò ìlú àti àṣẹ ilé kíkọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Èkó ní òfin ètò ìlú tirẹ̀ àti ọ́fíìsì tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ kí a tó kọ́lé. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí òfin àdúgbò gúnlẹ̀ sí. Àjọ tí ó ń mójú tó ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lè wà ní Àbújá, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ́lé ní òpópónà Bámgbóṣé kò lè kọ́lé láìgba ìwé ní Èkó. Bí òfin bá pàdé rẹ̀ níbi tí ó ti wá gba ìwé, ó ti pàdé rẹ̀ kí ó tó gbé katakata dé.

Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a gbọ́. Wọ́n ní òfin bẹ́ẹ̀ lè sọ ìlú di ilé ìṣúra tí ènìyàn kò lè gbé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní Djenné, ní ilẹ̀ Málì, tí àwọn ilé amọ̀ rẹ̀ wọ ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 1988, àwọn kan ráhùn pé wọn kò jẹ́ kí àwọn tẹ́ táìlì sí ilẹ̀ yàrá àwọn, bẹ́ẹ̀ ni rírẹ́ amọ̀ sí ògiri léraléra ń náni lówó. Ìdáhùn ni pé kí òfin mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ojú ilé ni ti gbogbo ìlú. Inú ilé ni ti onílé. Kí ó tẹ́ táìlì, kí ó fa omi wọ ilé, kí ó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó bójú mu.

Wọ́n tún ní àwọn olówó ni yóò kó wọ ibẹ̀ bí ilé bá ti dára tán. Èyí ni ó wúwo jùlọ, Bàhíà tí àwọn Àgùdà ti wá ni ó sì fi hàn. Gbùngbùn ìlú Salvador, níbi tí Pelourinho wà, wọ ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 1985. Láàrin ọdún 1990 sí 1999, ìjọba ibẹ̀ tún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ṣe, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ mèremère, àwọn arìnrìn-àjò sì dé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jẹ́ aláìní, tí wọ́n ti ń gbé inú ilé wọ̀nyí, ni wọ́n fún ní owó díẹ̀ tí wọ́n sì kó kúrò. Ògiri yè, àwọn ará ibẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn yìí kò fẹ́ irú ìgbàlà bẹ́ẹ̀ fún Pópó Àgùdà.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ìjọba Èkó ṣe nìyí.

Èkíní, kí wọ́n ka gbogbo ilé tí ó kù ní Pópó Àgùdà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì fa ìlà agbègbè náà kí ó tó di pé àwọn tí yóò wó o gbọ́. Òfin tí ó bá dé lẹ́yìn katakata kò wúlò.

Èkejì, kí wọ́n kọ ìlànà ilé kíkọ́ ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kún fún àwòrán, kí bíríkìlà tí kò lọ sí ilé ìwé gíga lè mú un dání lórí àkàbà kí ó sì mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ tí yóò máa wo àwòrán ilé ní àwọn olórí ẹbí, àwọn ìyá oníṣòwò, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àti àwọn aṣojú mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì nínú, pẹ̀lú àwọn amòye ètò ìlú. Kí wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Bí ìgbìmọ̀ kò bá fèsì láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ sí ẹni tí ó fẹ́ tún òrùlé rẹ̀ ṣe, kí ó lọ tún un ṣe. Ìjókòó láìdáhùn ni ó máa ń bí rìbá.

Ẹ̀kẹrin, kí owó tẹ̀lé òfin. Kí ìjọba dín owó ọdọọdún tí ó ń gbà lórí ilẹ̀ àti ilé kù fún ẹni tí ó bá ń tọ́jú ilé Àgùdà, kí ó sì yá a ní owó àtúnṣe tí èlé rẹ̀ kéré. New York, tí ó ṣe òfin tí ó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ ní ọdún 1965, tún fi ọ̀nà mìíràn hàn. Níbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí onílé àtijọ́ má kọ́lé lọ sókè, ó lè ta ẹ̀tọ́ gíga tí kò lò fún ẹni tí ó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí ó wà nítòsí. Ní ọdún 1978, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà gbà pé òfin náà tọ́. Èkó lè jẹ́ kí ẹbí kan ní òpópónà Kakawá ta gíga tirẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ ilé gogoro ní ibòmíràn nínú Erékùsù tàbí ní Victoria Island. Ẹbí gba owó, ilé dúró, ilé gogoro náà sì rí ibi tí ó yẹ ẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí òfin dáàbò bo ayálégbé. Ilé tí a bá fi owó ìlú tún ṣe, kí ẹni tí ó ti ń gbé inú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ àtipadà sí i ní owó tí agbára rẹ̀ ká. Kí òfin sì fi ojú sí onílé tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣí òrùlé sílẹ̀ kí òjò lè bá a wó ilé.

Bí Èkó bá ṣe èyí, àwọn ìlú mìíràn yóò rí àpẹẹrẹ tẹ̀lé. Kánò ní odi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn; àwọn ènìyàn ti wa amọ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ibi tí ó wà. Bí a bá fi ọlọ́pàá mẹ́wàá ṣọ́ odi náà, tí kò sí òfin lórí ilẹ̀ tí ó yí i ká, odi náà yóò máa dín kù ni. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, òun ni ó sì yẹ kí ó kọ ìlànà tirẹ̀. Ti Pópó Àgùdà kò lè bá Kánò mu, ti Kánò kò sì lè bá Àjàṣẹ́ mu.

Àwọn kan yóò ní Èkó kò ní àyè, kí a má fi ilẹ̀ olówó iyebíye ṣọ́ ilé ògbólógbòó. Kí wọ́n wo àwòrán ilẹ̀ Èkó dáradára. Láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́ ni ìpínlẹ̀ náà gbòòrò dé. Òpópónà mélòó kan ní Erékùsù kò lè pa á lára. Ilé tí wọ́n bá wó ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí lónìí, a lè tún irú rẹ̀ kọ́ lọ́dún tí ń bọ̀. Ilojo Bar kò ní irú rẹ̀ mọ́.

Àwọn tí ó kọ́ Pópó Àgùdà ti kọjá nínú oko ẹrú. Wọ́n fi owó ra ara wọn padà, wọ́n la òkun kọjá, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mọ ilé tí ó mú kí wọ́n tún ní àdúgbò. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Kí àwọn aṣòfin Èkó mú ìwé òfin àdúgbò náà wá síwájú Ilé nígbà tí òpópónà ṣì kù tí a lè fa ìlà yí ká, kí àwọn ará Pópó Àgùdà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́.